Ta Ní Í Kí Ni Kú Ewu Tí Kò Ṣẹlẹ̀?

Inú ìkíni ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé agbára káká ni a fi lè rí ohun tí Yorùbá kò ní ìkíni fún. A ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dúró, a ń kí ẹni tó ń dirun, a sì ń kí ẹni tí òjò pa. Bí ènìyàn bá bọ́ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, tàbí tí aboyún bá sọ̀ láyọ̀, a ó ní, 'Ẹ kú ewu o. Ewu iná kì í pa àwòdì.' Ṣùgbọ́n mo ti ronú títí, n kò tíì rí ìkíni tí a fi ń kí ẹni tó dí ihò tí ejò ìbá gbà wọlé, nígbà tí ejò náà kò wá rárá. Ewu tó ṣẹlẹ̀ tí a sì yè nìkan ni a ní ìkíni fún. Ewu tí a dènà kò ní olùkíni.

Ó lè dà bí eré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni. Mo fẹ́ fi ìtàn ara mi ṣàlàyé ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá fi ń lọ́ra láti náwó sórí ààbò kọ̀ǹpútà wọn, àti bí ó ṣe yẹ kí a máa ṣírò irú owó bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún 2014 ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní ìlú Ìbàdàn, irú èyí tí a ń pè ní alájẹṣẹ́kù. Ẹ gbọ́ bí orúkọ yẹn ti dùn tó: ẹni tó jẹ, tó sì jẹ́ kí ó ṣẹ́ kù. Olùkọ́ ni àwọn kan nínú wa, aránṣọ ni àwọn mìíràn, oníṣòwò ọjà Bódìjà ni ó sì pọ̀ jù. Àwa 163 ni. Oṣooṣù ni a ń dá owó, ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó yóò wá onídùúró méjì. Ní ọdún 2017, wọ́n fi mí ṣe akápò.

Kí n tó di akápò, inú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni a ń kọ àkọsílẹ̀ sí, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní káàdì tí akọ̀wé ń fọwọ́ sí fún un. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì fòpin sí káàdì, kí ₦15,000 tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún lè dúró sápò ẹgbẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn ìyá àgbà díẹ̀ kò pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ dìde, ó ní, 'Akápò, ọmọ mi, n ò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n ojú mi mọ ìlà tí wọ́n bá fà sí káàdì mi. Ẹ jẹ́ kí n máa mú un wá.' A rẹ́rìn-ín, a sì gbà fún un kí inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Àwọn mìíràn rí i, àwọn náà ń mú tiwọn wá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá wa tẹ àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà wá bá ìgbìmọ̀ ní ìpàdé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ìwé kan síwájú wa. ₦85,000 ni ó ń béèrè. ₦36,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti háàdì dísìkì méjì tí yóò máa da àkọsílẹ̀ wa kọ sí, kí ọ̀kan máa wà nílé alága. Ìyókù wà fún ojúlówó ètò tí ń pa fáírọ́ọ̀sì, àti fún ẹni tí yóò tún kọ̀ǹpútà náà tò kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti wọ ọ́fíìsì má bàa máa ki fúláàṣì bọ̀ ọ́. Èmi akápò ni mo kọ́kọ́ dá a lóhùn. Mo ní, 'Ọmọ mi, ṣé olè ti jà wá rí ni?' Ó ní, 'Rárá, sà.' Mo ní, 'Ta ni ó fẹ́ wá jí orúkọ ìyá elélùbọ́?' Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a fọwọ́ sí ₦240,000 fún àpèjẹ ìparí ọdún. Kò sí ẹni tó béèrè èrè tí àpèjẹ yóò mú wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kẹta ọdún 2019, wọ́n pè mí pé kí n máa bọ̀ ní ọ́fíìsì. Àkọsílẹ̀ wa ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n orúkọ gbogbo wọn ti yí padà, kò sì sí èyí tó ṣeé ṣí. Ìwé kan hàn lójú ẹ̀rọ tó ń béèrè owó bitcoin. Ìwà ajínigbé ni, àkọsílẹ̀ ni wọ́n kàn jí dípò ènìyàn. Nígbà tí a ṣèwádìí, a rí i pé ọ̀kan nínú wa ló fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú, tó fi fúláàṣì gbé ayédèrú ètò ìtẹ̀wé kan wá. Kò ní èrò ibi lọ́kàn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwa ni a fi ògiri sílẹ̀ ní lílà.

A kò san owó fún àwọn ọ̀daràn náà. Fún ọjọ́ Àìkú mẹ́ta gbáko ni a fi jókòó tí a ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Àwọn 94 ni wọ́n ṣì ní káàdì lọ́wọ́. Àwọn 38 ń gba báńkì san owó wọn, ìwé báńkì sì jẹ́rìí fún wọn. Ó wá ku àwọn 31 tí wọn kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni ó gba ìmọ̀ràn mi gbọ́ pé káàdì kò wúlò mọ́. Nígbà tí ìyá elélùbọ́ gbé káàdì tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan.

Ohun tí àwọn 31 wọ̀nyí ní àwọn ti san fi ₦617,000 ju ohun tí owó tó wà nílẹ̀ lè gbé lọ. Inú èrè ọdún náà ni a ti san púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. A tún san ₦60,000 fún àwọn tó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó dùn mí jù. Aránṣọ kan ní ₦64,000 ni òun ti dá. Àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀ ní àwọn rántí pé kò ju ₦41,000 lọ. Ó ní, 'Ṣé olè ni ẹ wá ń pè mí báyìí?' Ó gba ₦41,000, ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Títí di òní, bí a bá pàdé lọ́nà, ó ń kí mi, ṣùgbọ́n kì í wo ojú mi. N kò sì mọ̀ títí di òní bóyá òun ni ó tọ̀nà tàbí àwa.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣírò owó ààbò. Ní ọdún 2002, Lawrence Gordon àti Martin Loeb, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní University of Maryland ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí iye tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ ná láti dáàbò bo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹgbẹ́ wa ṣàpẹẹrẹ. Ká ní kò sí káàdì rárá, mo fojú bù ú pé òfò wa ìbá tó ₦2,000,000. Ká tún ní irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún. Bí a bá pín ₦2,000,000 sí ọ̀nà márùn-ún, ó di ₦400,000. Èyí ni òfò tí a lè gbé ka ọdún kan lórí. Gordon àti Loeb fi ìṣirò hàn pé, fún irú ewu tí àwọn yẹ̀ wò, owó tó yẹ kí a fi dènà òfò kò yẹ kí ó kọjá nǹkan bí 37 nínú 100 rẹ̀. Nínú ₦400,000, èyí jẹ́ ₦148,000. ₦85,000 tí ọmọ náà béèrè kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ ná gbogbo ₦400,000. Ìdí ni pé owó àkọ́kọ́ tí a bá ná ní í dí ihò tó tóbi jù. Èyí tó tẹ̀lé e a dí kékeré. Bí a bá ń bá a lọ, a ó rí i pé owó ńlá ni a ń ná láti dí ihò abẹ́rẹ́. Ẹni tó ra àgádágodo ₦5,000 sẹ́nu ọ̀nà yàrá tó kó ẹrù ₦3,000 sí kò tíì dáàbò bo ara rẹ̀. Ó ti bá olè ja ara rẹ̀ lólè.

Ẹlòmíràn tún lè ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá ni irú ewu yẹn lè ṣẹlẹ̀. Òfò ọdún kan á wá di ₦200,000, gbèdéke owó ààbò á sì di ₦74,000. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè ti pọ̀ díẹ̀ jù. À bá sọ fún un pé kí ó fi ìyókù sílẹ̀ ná, kí ó ra háàdì dísìkì méjèèjì ní ₦36,000. Nítorí náà, kì í ṣe pé a kọ̀ ni ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí pé a kò ṣírò kí a tó kọ̀. Ẹ̀rín ni a fi ṣe ìṣirò.

Kí ẹ má bàa rò pé àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké bíi tiwa nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ Maersk ti orílẹ̀-èdè Denmark fún yín. Ọkọ̀ ojú omi tí ń kó kọ̀ǹténà ni iṣẹ́ wọn. APM Terminals, tó ń ṣàkóso ibùdó kọ̀ǹténà ní Àpápá ní Èkó láti ọdún 2006, ara wọn ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹputà kan tí wọ́n ń pè ní NotPetya jáde láti Ukraine. Ó fara hàn bí èyí tó ń gba owó ìtúsílẹ̀, ṣùgbọ́n ìparun ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Bírítéènì sọ ní ọdún 2018 pé àwọn ológun Rọ́ṣíà ni ó wà nídìí rẹ̀. Inú ètò ìṣirò owó orí kan, M.E.Doc, ni wọ́n gbà wọlé. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Kyiv ni ó ṣe ètò náà, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì Maersk ní Odessa ni ó sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan yẹn tó. Ẹnubodè ibùdókọ̀ 17 nínú 76 tí Maersk ní káàkiri ayé dákẹ́, àwọn tírélà tò lọ rẹrẹẹrẹ.

Maersk ní nǹkan bí 150 ẹ̀rọ aṣọ́bodè, tí ó mọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ibi tí oníkálukú láṣẹ láti wọ̀. Ohun tí ọ̀kan bá ní, ìyókù ní in, nítorí wọ́n ń da ara wọn kọ. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á dìde. Kò sí ẹni tó rò ó pé gbogbo wọn lè kú lọ́jọ́ kan. Gbogbo wọn ni ó sì parun, àfi ẹyọ kan tó wà ní Ghana. Kí ni ó gbà á là? Iná ni ó lọ! Ẹ̀yin tí ẹ ti bú NEPA rí, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí kòkòrò náà ń kọjá, ẹ̀rọ ti Ghana kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá nítorí kò sí iná. Ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ kò fẹ̀ tó láti fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá, kò sì sí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó ní físà Bírítéènì. Ọ̀kan nínú wọn gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Nàìjíríà, ó fi lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀, ìyẹn sì gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Láti inú ẹ̀dà kan yẹn ni wọ́n ti tún ilé wọn kọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n tún kọ̀ǹpútà 45,000 àti ẹ̀rọ ńlá 4,000 tò. Òfò wọn tó mílíọ̀nù dọ́là 250 sí 300.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, káàdì ìyá elélùbọ́ ni mo rí. Ohun tí iná tó lọ fún Maersk lọ́fẹ̀ẹ́ ni ohun tí ìyá yẹn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ̀dà kan tí kò so mọ́ ìyókù. Háàdì dísìkì tí a kọ̀ láti rà ìbá ṣe iṣẹ́ kan náà. Oríire kò ṣeé kọ sínú ìṣúná, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí oríire ṣe sábà máa ń ní iye tí a lè rà á.

Kí ló dé tí Maersk kò rà á? Wọn kò ṣàì mọ̀. Ní ọdún 2016, àwọn kan nínú ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn ti dá a lábàá pé kí wọ́n tún ààbò ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n tilẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí oníròyìn Andy Greenberg ti kọ ọ́ ní ọdún 2018, iṣẹ́ náà kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n àjẹmọ́nú àwọn ọ̀gá ẹ̀ka náà. Bí ó bá di ṣíṣe, kò sí èrè fún wọn. Iṣẹ́ náà kò sì lọ síwájú.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni tí òfò yóò bá kọ́ ni ó ń di àpò owó mú. Ross Anderson, ọ̀jọ̀gbọ́n Cambridge tó kú ní ọdún 2024, ṣàlàyé èyí nínú ìwé kan tó kọ ní ọdún 2001. Ní Amẹ́ríkà, bí oníbàárà bá ní òun kọ́ ni òun gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM, báńkì ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé òun ni. Ní Bírítéènì nígbà náà, oníbàárà ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Ẹ lè rò pé báńkì Bírítéènì ni yóò jèrè. Rárá o. Wọ́n ya ọ̀lẹ, wọ́n ń dágunlá, ìwà jìbìtì sì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí òfò kò ní í bá kì í ṣọ́nà dáadáa.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òfò a fò kọjá ilé ẹni tó fà á. Àwọn bàbá wa ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ilé-iṣẹ́ kékeré ní Kyiv ni kòkòrò kọ́kọ́ wọ̀, Denmark ni kò rí oorun sùn. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, èmi ni mo kọ ₦85,000, aránṣọ kan ni ó gbé ìyókù owó rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ sọ pé a lè gbà bá ewu lò: ká yẹra fún un, ká dín in kù, ká gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí ká mọ̀ ọ́n kí a sì fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ń sá bá ọ̀nà kẹta, wọ́n ń lọ bá adójútòfò. Ó dára, ṣùgbọ́n adójútòfò náà ń ṣírò. Merck, ilé-iṣẹ́ olóògùn Amẹ́ríkà tí NotPetya bà jẹ́ ní ọjọ́ kan náà, béèrè bílíọ̀nù dọ́là 1.4. Àwọn adójútòfò ní ogun ni, àwọn kì í san owó ogun. Ilé-ẹjọ́ ní New Jersey dá Merck láre, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún fọwọ́ sí i ní ọdún 2023, ó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ pátápátá. Ní ti ọ̀nà kẹrin, ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó mọ ewu tó sì fara mọ́ ọn, àti ẹni tí kò wò ó rárá. Àwa kò fara mọ́ ewu wa. A kò wo ojú rẹ̀ ni.

Ní ìpàdé gbogboogbò ọdún 2019, mo dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Mo yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo ní, 'Ìwọ ni o tọ̀nà. Èmi ni mo ṣì í, mo sì tún fi ọ́ ṣẹ̀sín. Má bínú.' A ra háàdì dísìkì méjèèjì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò lára kọ̀ǹpútà, alága á gbé e lọ sílé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, a ń ṣí ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, nítorí ẹ̀dà tí a kò yẹ̀ wò rí kò yàtọ̀ sí ìlérí. Káàdì padà, ₦15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti rìnrìn àjò lọ sí Kánádà ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó kọ́ ẹni méjì ní iṣẹ́ náà, nítorí ìmọ̀ tó wà lórí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ ewu bákan náà.

A tún fi nǹkan kan kún ètò ìpàdé wa ọdọọdún. Ẹni tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà máa ń dìde, á sọ ohun tí wọ́n ná, á sì sọ pé ní ọdún náà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìpàdé á dákẹ́ díẹ̀, nítorí a kò mọ èsì tó yẹ ká fún un. Ní ọdún tó kọjá, ìyá elélùbọ́, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ni ó kọ́kọ́ lóhùn. Ó ní, 'Ẹ kú ìtọ́jú wa o.' Ni gbogbo ilé bá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Bóyá ìkíni tí mo ń wá nìyẹn. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, bí ẹ bá ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀ka èdè tiyín, ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Kí ẹ sì lọ wo ibi tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yín wà lálẹ́ òní. Ó dìgbà kan ná. Ire o.